Ohun tí Ọ̀run Bá Rọ̀, Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ènìyàn Wọ̀n Ọ́n?

Àwọn baba wa kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá bá ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́, o lè súre fún wọn, o lè fún wọn lówó, o lè béèrè bóyá àlàáfíà ni gbogbo wọ́n wà. Ṣùgbọ́n bí o bá na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí o ń wí pé ení, èjì, ẹ̀ta, ojú tí ìyá náà yóò fi wò ọ́ yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbàgbé láti kọ́ ọ nílé, nítorí pé lójú àwọn àgbà, ẹni tí ó bá ń ka ẹ̀bùn Ẹlẹ́dàá ń ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ gba ìṣirò lọ́wọ́ Ọba tí ẹnìkan kì í bi léèrè. Ìwé Mímọ́ pàápàá kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí nígbà tí Dáfídì Ọba ka àwọn ènìyàn Ísírẹ́lì, àjàkálẹ̀ àrùn ni ó tẹ̀lé kíkà náà.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè tí ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa níhìn-ín, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bi mí nígbà tí ó gbọ́ pé ní gbogbo ìgbà òtútù, èmi a máa jáde sí ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù pẹ̀lú rúlà àti òṣùwọ̀n láti wọn òjò dídì tí ó bọ́ lóru, tí n ó sì tún wo ẹ̀rọ tí mo rì mọ́lẹ̀ kí n lè mọ bí ọ̀rinrin inú ilẹ̀ ti rí. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó rán ọ ní iṣẹ́ yìí? Ohun tí Olúwa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà sílẹ̀, ṣé ìwọ ni yóò wá wọ̀n ọ́n wò bóyá ó pé?" Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni Màmá fi sọ̀rọ̀, ìbéèrè rẹ̀ sì fẹ̀ ju ẹ̀yìnkùlé mi lọ, nítorí ó kan gbogbo ẹni tí ó ń gbé òṣùwọ̀n lé iṣẹ́ Àwámárìídìí. Mo ti ń ro ìdáhùn rẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ rò ó jáde níhìn-ín.

Kí ẹni tí kò tíì fi ojú kan òjò dídì rí lè bá mi lọ, n ó kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Pátákó pẹlẹbẹ kan tí a kùn ní funfun ni a ń tẹ́ sí gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò gbé ṣíji bò ó, a ó sì ri ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ ibi tí ó wà nígbà tí gbogbo ilẹ̀ bá di funfun. Ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀, a ó ki rúlà bọ òjò dídì tí ó wà lórí pátákó náà, a ó ka jíjìn rẹ̀ dé ìdámẹ́wàá íńṣì, a ó sì gbá pátákó náà mọ́ kí ti òní má baà da pọ̀ mọ́ ti ọ̀la. Òṣùwọ̀n òjò, tí ó jẹ́ ike gbọọrọ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 4, dúró lórí òpó nítòsí. Nígbà ooru, àrọ àti ọ̀pá tín-ínrín ni ó ń gba òjò nínú rẹ̀. Nígbà òtútù a ó yọ méjèèjì kúrò kí òjò dídì lè bọ́ sínú rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. A ó gbé e wọlé, a ó da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ lé e lórí kí ó lè yọ́, a ó wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó yọ iye omi tí a fi kún un kúrò, èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni omi tí ọ̀run fi ránṣẹ́. Bí atẹ́gùn bá jà lóru, òṣùwọ̀n kò ní rí tirẹ̀ gbà tán, nítorí òjò dídì fúyẹ́, atẹ́gùn a sì máa gbá a kọjá lẹ́nu rẹ̀. Nígbà náà a ó dojú ike náà dé òjò dídì orí pátákó, a ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, a ó bù ú bí ó ti rí, a ó sì yọ́ ọ.

Wàhálà yìí pọn dandan, nítorí jíjìn nìkan kò sọ òtítọ́ tán. Ẹni tí ó bá rí òjò dídì tí ó ga dé orúnkún lè rò pé omi púpọ̀ ti wọ ilé, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú òjò dídì tuntun. Àwọn ènìyàn a máa wí pé íńṣì 10 rẹ̀ ni yóò yọ́ di íńṣì omi kan, ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ èyí tí ó bọ́ nígbà tí òtútù kò le lè wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí íńṣì 5 yóò fi di íńṣì omi kan, èyí tí ó sì bọ́ nínú òtútù líle lè fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí íńṣì 20 kò ní fi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni James Church, olùkọ́ èdè Látìn ní Yunifásítì Nevada ní ìlú Reno, ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ojú ọjọ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìfẹ́ òkè gíga ń gbé gun òkè Mount Rose, tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ, nínú òtútù gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ó ṣe ọ̀pá oníhò kan tí a ń tì bọ inú òjò dídì títí yóò fi kan ilẹ̀, tí a ó sì gbé e kọ́ ìwọ̀n, kí a lè mọ omi tí ó wà níbẹ̀ nípa ìwúwo rẹ̀. Àwọn tí ọ̀ràn omi adágún Tahoe kàn sì lè ti inú òtútù mọ ohun tí yóò ṣàn wọ adágún náà nígbà tí ooru bá dé. Títí di òní, ọ̀nà tí olùkọ́ Látìn yìí là ni wọ́n ń tọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà.

Nínú gbogbo ohun tí a ń kọ sínú ìwé lójoojúmọ́, méjì ni ó ń mú mi ronú jù lọ. Èkíní ni òdo. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ohunkóhun kò bọ́, òfin iṣẹ́ náà ni pé kí a kọ òdo, kí a má ṣe fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, nítorí òfìfo kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ọ̀run ni kò rọ òjò tàbí olùṣọ́ ni ó sùn lọ. Ẹni tí ó kọ òdo ti jẹ́rìí pé òun jáde, òun wò, òun kò sì rí nǹkan kan. Èkejì ni létà T, tí a ń kọ nígbà tí ohun tí ó bọ́ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún íńṣì omi: ó bọ́, ojú rí i lórí pátákó, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò lè gbé e. A kò gbọdọ̀ kọ òdo, nítorí irọ́ ni. A kò sì gbọdọ̀ kọ iye kan, nítorí irọ́ ni pẹ̀lú. Bí a bá sì kọ T ní ojoojúmọ́ títí oṣù fi parí, T náà ni àròpọ̀ rẹ̀. Ìbá ṣe àwa ẹlẹ́sìn ní àǹfààní púpọ̀ bí irú àmì yìí bá wà nínú ẹ̀rí tí a ń jẹ́ níwájú ìjọ, tí ẹni tí ọwọ́ Olúwa kàn fẹ́ẹ́rẹ́ yóò lè dìde kí ó wí pé, "Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n mi kò gbé e," dípò kí ó máa bù mọ́ ọn títí yóò fi di iṣẹ́ ìyanu ńlá, tàbí kí ó bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ojú àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbé jinlẹ̀ jù. Ilẹ̀ Ògẹ́rẹ́ a-fọkọ́-yẹrí kì í sọ tinú rẹ̀ fún ẹni tí ń rìn lórí rẹ̀, nítorí náà ni a ṣe ń ri ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà kò rí omi, kò sì tọ́ ọ wò. Ó kàn ń fi iná mànàmáná díẹ̀ wá ohun tí ó yí i ká ni, tí ó sì ń wo bí ohun náà ti gba agbára iná mọ́ra tó. Nínú irú ìwọ̀n yìí, omi tí ó ń ṣàn ní nǹkan bí 80, iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kò sì ju nǹkan bí 3 sí 5, nítorí náà bí iye bá ga, ọ̀rinrin wà, bí ó bá lọ sílẹ̀, ilẹ̀ gbẹ. Láti ìgbà tí ewé ń rú títí di ìgbà tí ewé ń wọ́, àgbẹ̀ lè gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò yìí. Àmọ́ bí òtútù bá wọ inú ilẹ̀ lọ, omi tí ó wà láàárín àwọn hóró iyẹ̀pẹ̀ a di yìnyín, yìnyín kò sì ju nǹkan bí 3 lọ lójú ẹ̀rọ náà. Ní ìwọ̀nba òru díẹ̀, iye tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ yóò já wálẹ̀, yóò sì máa kéde pé ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, nígbà tí omi ibẹ̀ kò lọ síbì kan. Bí ọyẹ́ bá mú, tí epo pupa dì sínú ìgò, ọmọdé tí ó dojú ìgò kọ ilẹ̀ tí epo kò dà yóò sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé epo ti tán. Ìyá rẹ̀ kò ní bá a jiyàn, yóò gbé ìgò náà sẹ́bàá iná ni.

Ó tún kù, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí òkè ilẹ̀ bá ń dì, a máa fa omi láti ìsàlẹ̀ mọ́ra, tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ẹ̀rọ ń pè ní gbígbẹ lè jẹ́ ibi tí omi ń pọ̀ sí i ní wákàtí náà gan-an. Òjò dídì fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ òtútù, ni ó tún ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òtútù: bí ó bá tètè bò ó tí ó sì nípọn, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ sá jáde, ilẹ̀ kì í sì í dì jìnnà, ọdún tí òjò dídì kò bá pọ̀ ni òtútù ń wọ ilẹ̀ lọ láìbojúwẹ̀yìn. Kò yani lẹ́nu pé òfin ilé kíkọ́ ní Minnesota pàṣẹ pé kí ìpìlẹ̀ ilé jìn tó íńṣì 60 ní apá àríwá àti íńṣì 42 ní apá gúúsù.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí síwájú àwọn méjì tí wọ́n ti ń jiyàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà a máa wí pé òun ti wò dé ibi gbogbo tí ojú ẹ̀rọ lè dé, òun kò sì rí I. Ẹni tí ó gbàgbọ́ a máa dá a lóhùn pé asán ni ẹ̀rọ, pé ọkàn ni a fi ń mọ Olúwa. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni kò gbọ́ ohun tí ilẹ̀ tí ó dì ń wí. Ẹ̀rọ inú ilẹ̀ kò parọ́. A bi í léèrè omi tí ó ń ṣàn, ó sì dáhùn pé omi tí ó ń ṣàn kò sí. Ẹni tí ó gbé ìdáhùn yẹn lọ sí ibi tí a kò gbé bi í, tí ó sọ pé omi kò sí rárá, ni ó ṣìnà. Ohun tí a kò ṣe òṣùwọ̀n kan fún, òṣùwọ̀n náà kò lè jẹ́rìí pé ó wà, kò sì lè jẹ́rìí pé kò sí. Bí ọ̀kan bá sì wí pé nítorí náà ni òun yóò ṣe ta ẹ̀rọ nù kí òun máa tẹ̀lé ọkàn òun, kí ó rántí bí a ti ṣe mọ̀ pé omi wà nínú ilẹ̀ tí ó dì: kì í ṣe ìmọ̀lára ni ó sọ fún wa, òṣùwọ̀n mìíràn ni. Ẹ̀rọ tí ń ka ooru àti òtútù, tí a rì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ni ó jẹ́rìí pé ilẹ̀ ti tutù dé ibi tí omi ń dì. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì tú, iye náà yóò padà gòkè láìjẹ́ pé òjò kan rọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

N kò sì fẹ́ kí onígbàgbọ́ gbà lọ́wọ́ mi ju ohun tí mo fún un lọ. Pé omi farasin sínú ilẹ̀ kò fi hàn pé Ọlọ́run wà, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí a kò rí ni ó wà; ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe ni pé ó gba idà kan lọ́wọ́ alátakò, idà tí ó fi ń sọ pé àìrí ni àìsí. Ìgbàgbọ́ ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró lórí ohun mìíràn, lórí òtítọ́ Ẹni tí a ti bá rìn tí kò jáni kulẹ̀, Arínúróde Olùmọ̀ràn ọkàn, tí Òun nìkan rí inú bí ó ti rí òde. Johannes Kepler, tí ó mọ ìrìn àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí oòrùn ká tó bẹ́ẹ̀ tí òfin ìrìn wọn fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní ọdún 1611 fún olóore rẹ̀ kan, ó sì béèrè níbẹ̀ pé kí ni ó dé tí hóró òjò dídì fi máa ń ní igun mẹ́fà nígbà gbogbo, tí kì í ní márùn-ún tàbí méje. Ó wá ìdí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò rí i, ó jẹ́wọ́ pé òun kò rí i, ó sì fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún àwọn tí ìmọ̀ wọn yóò tó o lẹ́yìn òun. Kò tìtorí pé òun kò rí ìdí kí ó wí pé ìdí kò sí. Ìwà yẹn ni mo ń pè ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run nínú ìmọ̀.

Odò Pupa, tí ó jẹ́ ààlà láàárín Minnesota àti North Dakota, ti fi hàn wá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá sọ iye tí òṣùwọ̀n kà di ohun tí a ń forí balẹ̀ fún. Ìhà àríwá ni odò náà ń ṣàn sí, lọ sí ilẹ̀ Kánádà, nítorí náà yìnyín a máa yọ́ ní orísun rẹ̀ nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì dì. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1996, òjò rọ̀ gan-an, ilẹ̀ mu omi yó, òtútù sì dé ó ti omi náà mọ́ inú ilẹ̀. Ìjì òjò dídì ńlá mẹ́jọ ni ó tẹ̀lé e kí oṣù Kẹrin ọdún 1997 tó lọ jìnnà. Àwọn tí ń ṣírò odò ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 49 ní ìlú Grand Forks, àwọn ará ìlú sì gbá iye yẹn mú pinpin. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ìmúrasílẹ̀ wọn kà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Odò náà ga dé ẹsẹ̀ bàtà 54.35, ó bo ìlú, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn fi ilé sílẹ̀, iná sì tún jó ilé mọ́kànlá ní àárín ìlú náà nígbà tí omi yí i ká. N kò dá àwọn tí ó ṣírò lẹ́bi, nítorí ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́, gbogbo ẹlẹ́rìí ni ó sì ní ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ka iye tí ẹ̀rọ inú ilẹ̀ kà kẹ́yìn kí òtútù tó tì í mọ́lé sí iye tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé mi, nítorí ohun tí ilẹ̀ bá gbé sùn ni yóò gbé jí, ilẹ̀ tí ó dì tí omi sì kún inú rẹ̀ kò ní àyè fún omi mìíràn nígbà tí òjò dídì bá ń yọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá. Ní orí kejìdínlógójì ìwé Jóòbù, Olúwa bi Jóòbù bóyá ó ti wọ inú ilé ìṣúra òjò dídì rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ka ìbéèrè yẹn sí ìkìlọ̀ pé kí ọmọ aráyé yé wádìí. N kò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bi mí bóyá mo ti wọ inú àká Òun kò sọ pé kí n má ṣe fi ara balẹ̀ wo ohun tí Ó fi ránṣẹ́ láti inú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi. Al-Kùránì Mímọ́, nínú Súrà Al-Hijr, tilẹ̀ kọ́ wa pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni àká ohun gbogbo wà, àti pé kì í sọ nǹkan kan kalẹ̀ bí kò ṣe ní ìwọ̀n tí Òun ti mọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ wọn òjò dídì. A ti wọ̀n ọ́n kí ó tó kúrò lókè, iṣẹ́ mi kò sì ju pé kí n ka ohun tí a ti kọ. Ti Dáfídì yàtọ̀. Àwọn akọni tí ń fa idà yọ ni Dáfídì kà, kí ó lè mọ iye apá tí òun lè gbẹ́kẹ̀ lé, dípò Ẹni tí ó fi í jọba. Ìyá tí ó bínú sí àlejò tí ó ń ka ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, òun fúnra rẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn lálẹ́ láìfi ojú ka gbogbo wọn lórí ẹní, nítorí òun ni yóò sunkún bí ọ̀kan bá dín. Ẹni tí ó ń kà láti fi yangàn jẹ̀bi. Ẹni tí ó ń kà nítorí pé a fi ṣọ́ ọ kò jẹ̀bi, a sì ti fi ilẹ̀ ṣọ́ wa láti ọjọ́ ọgbà Édẹ́nì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti kó dé ilẹ̀ òtútù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí jẹ́ ti onílẹ̀ nìkan. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 1997, omíyalé pa ènìyàn márùn-ún ní ìlú Fort Collins ní ìpínlẹ̀ Colorado. Òjò tí ó lé ní íńṣì 14 rọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, nígbà tí ti apá kejì tí kò jìnnà síbẹ̀ kò tó íńṣì 2, àwọn òṣùwọ̀n ìjọba kò sì pọ̀ tó láti rí ìyàtọ̀ náà. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n dá ẹgbẹ́ CoCoRaHS sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, ìbáà jẹ́ arúgbó, ti lè máa wọn òjò àti òjò dídì ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí ó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ láràárọ̀ fún àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́. Kò gba ìwé ẹ̀rí, òótọ́ inú ni ó gbà. Ẹ ra òṣùwọ̀n náà, kí ẹ sì ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó dé, nítorí bí ilẹ̀ bá ti dì, kò gba òpó mọ́.